Bí A Ṣe Lè Dín Ariwo Iná Kù Nínú Rédíò Ìbánisọ̀rọ̀ Inú Ọkọ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá ti lo rédíò ìbánisọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ rí yóò mọ ìṣòro yìí dáadáa. Kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́, ohùn ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ń wọlé ketekete. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún báyìí, ariwo yóò bo ohùn náà mọ́lẹ̀ débi pé a óò máa fi etí já ọ̀rọ̀ gbà ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á sáré lọ ra fílítà, ìyẹn ohun èlò tó ń sẹ́ ariwo kúrò nínú iná, wọ́n á so ó mọ́ wáyà iná rédíò, ariwo náà á sì wà bó ṣe wà. Kì í ṣe pé fílítà náà kò dára. Ó lè jẹ́ pé ojú áńtẹ́nà ni ariwo ń gbà wọlé, tí fílítà sì ń ṣọ́ ilẹ̀kùn tí olè kò gbà kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pariwo àti ọ̀nà tí ariwo náà ń gbà dé inú rédíò, kí ó tó náwó sí ohunkóhun.

Nígbà tí Guglielmo Marconi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbì rédíò ránṣẹ́ ní àwọn ọdún 1890, iná tó ń ta pàrà láti orí irin kan sí èkejì ni ó fi ń dá ìgbì náà sílẹ̀. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ lórí púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan ń ta iná ní ìgbà 100 nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìgbì tí iná wọ̀nyí ń tú jáde kò sì mọ ààlà ìkànnì kankan: ó ń da rédíò tó wà ní 27 MHz (MHz ni a fi ń wọn ìkànnì rédíò) láàmú, ó sì tún ń dé ọ̀dọ̀ èyí tó wà ní 150 MHz. Àwọn rédíò tó ń lo AM tàbí SSB, ọ̀nà méjì tí a ń gbà gbé ohùn lé orí ìgbì, ni ó ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí pé gíga àti rírẹlẹ̀ ìgbì ni wọ́n fi ń ka ohùn, ariwo púlọ́ọ̀gì náà sì jẹ́ gíga òjijì. Rédíò FM, tó ń fi bí ìgbì ṣe ń yára tó gbé ohùn, máa ń gé orí irú gíga bẹ́ẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n èyí kò túmọ̀ sí pé ó bọ́ lọ́wọ́ ewu, gẹ́gẹ́ bí a óò ṣe rí i níwájú.

Kí a mọ ọ̀nà tí ariwo ń gbà wọlé

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi gbalasa tó jìnnà sí òpó iná àti ilé, ẹ fa bíréékì ọwọ́, ẹ fi jíà sí ipò tí ọkọ̀ kò fi lè rìn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí squelch rédíò náà tán, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó máa ń pa rédíò lẹ́nu mọ́ nígbà tí ẹnì kan kò bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí ariwo náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ẹnu wáyà áńtẹ́nà kúrò lẹ́yìn rédíò. Ẹ má ṣe tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ rárá ní àkókò yìí, nítorí pé rédíò tó bá ń ránṣẹ́ láìsí áńtẹ́nà lè jó ara rẹ̀ nínú. Bí ariwo náà bá lọ pátápátá, ojú áńtẹ́nà ni ó ń gbà wọlé. Bí ó bá wà síbẹ̀, wáyà iná ni ọ̀nà rẹ̀, tàbí wáyà tó so sípíkà àti máìkì pọ̀ mọ́ rédíò. Lórí FM, ariwo ṣíìì pẹlẹbẹ kan yóò ṣì máa dún lẹ́yìn tí a bá yọ áńtẹ́nà. Ti rédíò fúnra rẹ̀ nìyẹn, òun kọ́ ni a ń wá. Ohun tí a ń wá ni ìró tó ń yí padà bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí padà.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ gbé bátìrì mìíràn tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, kí ẹ so rédíò mọ́ ọn, kí ẹ sì tún tẹ́tí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé kò fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn: ariwo tó bá lọ nígbà tí a kúrò lórí bátìrì ọkọ̀, ojú wáyà iná ni ó ń gbà.

Kí a mọ ohun tó ń pariwo

Etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ariwo púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì (èyí tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún púlọ́ọ̀gì) máa ń dún tá-tá-tá, ó sì máa ń yára bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo, títí tí yóò fi di ìró kan ṣoṣo tó ń ro wìnnìwìnnì. Ti ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná ọkọ̀, máa ń dún fíìì bí ẹni ń súfèé, òun náà sì máa ń ga sókè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára. Àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ pàápàá lè máa gbọ́ ọ lẹ́yìn ohùn wa. Láti ya àwọn méjèèjì yìí sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré díẹ̀ lójú kan tí ọkọ̀ dúró sí, kí ẹ sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sí ipò tí rédíò yóò ṣì fi ní iná tí ẹ́ńjìnnì yóò kú. Ariwo tó bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ti iná púlọ́ọ̀gì ni. Èyí tó bá rọra ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dẹwọ́, ti ọ́tánétọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán èyí wò lórí ìrìn, nítorí pé ọwọ́ ìtọ́kọ̀ lè le tàbí kí ó tilẹ̀ tì pa.

Pọ́ńpù epo tó wà nínú táńkì máa ń kùn gìrìrì, a sì lè dá a mọ̀ nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ó máa ń dún fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní gbàrà tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́ rárá. Wáípà àti fáànù inú ọkọ̀ kò ṣòro, súìsì wọn ni yóò tú àṣírí wọn. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í sábà pariwo káàkiri. Orí ìkànnì kan tàbí méjì ni ó máa ń jókòó sí, bí ẹni tó ń ránṣẹ́ láìsọ̀rọ̀. Bí ariwo kan bá wà tó jẹ́ pé kìkì nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lójú ọ̀nà gbígbẹ ni ó ń dún, tí kò sì sí nígbà tí òjò bá rọ̀, iná tí táyà ń kó jọ bí ó ṣe ń fi ara ra ilẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n àwọn ohun kéékèèké tí a fi ọwọ́ ara wa kì bọ ọkọ̀ ni mo ti wá rí i pé wọ́n burú jù: ṣájà fóònù, kámẹ́rà iwájú ọkọ̀, iná LED tí a fi rọ́pò gílóòbù àtijọ́. Ọkọ̀ kan wà tí ariwo rẹ̀ dà mí láàmú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo ti dá ọ́tánétọ̀ rẹ̀ lẹ́bi, mo sì ti ń múra láti yọ ọ́. Níkẹyìn, mo mú rédíò kékeré kan tó ń gba AM, mo yí i sí ibi tí kò sí ilé iṣẹ́ rédíò kankan, mo sì ń gbé e lọ sí gbogbo igun ọkọ̀ náà. Nídìí ọ́tánétọ̀, ìró rẹ̀ kéré. Bí mo ṣe gbé e wọ inú ọkọ̀ tí mo sún un mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó kan ihò ṣájà, ariwo náà kún gbogbo sípíkà. Ṣájà kékeré kan ni, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí fóònù kankan kò sì sí lórí rẹ̀. Mo yọ ọ́, ibi gbogbo pa lọ́lọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tí a lè fi ọwọ́ yọ nínú ọkọ̀ kí n tó fọwọ́ kan irinṣẹ́. Bí ariwo bá ṣì kù lẹ́yìn èyí, a lè máa yọ fíúsì kọ̀ọ̀kan, kí a máa dá a padà kí a tó yọ òmíràn, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fọwọ́ kan fíúsì airbag, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde láti dáàbò bo ènìyàn nígbà ìjàǹbá.

Wáyà iná rédíò

Ibi tí iṣẹ́ àṣeyọrí ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ìwàǹwara ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. A kò gbọdọ̀ gba iná rédíò láti ihò ṣájà tàbí kí a já a lára wáyà tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí pé gbogbo ohun tó ń lo iná lójú wáyà bẹ́ẹ̀ ni yóò máa da ariwo rẹ̀ sínú rédíò. Wáyà pupa gbọ́dọ̀ ti orí bátìrì wá tààrà, kí fíúsì rẹ̀ sì sún mọ́ bátìrì bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, nítorí pé wáyà ni fíúsì náà ń dáàbò bò kí iná má baà jó ọkọ̀ bí wáyà bá bó lójú ọ̀nà. Bátìrì ń ṣe ju kí ó fúnni ní iná lọ: ó dà bí ìkòkò omi ńlá tó ń gbé ìrugùdù ọ́tánétọ̀ mì, nítorí náà, bí a bá ṣe gba iná jìnnà sí i tó ni ìrugùdù náà ṣe ń pọ̀ tó.

Ní ti wáyà dúdú, inú ọkọ̀ àtijọ́ ni a ti lè gbé e lọ sórí bátìrì tààrà, kí a sì fi fíúsì sí òun náà, torí pé bí wáyà éètì ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń dá iná padà láti ẹ́ńjìnnì sí bátìrì, bá já, iná ńlá sítátà lè wá gba inú wáyà rédíò kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ohun kan wà lórí òpó dúdú bátìrì tó ń ka iye iná tó ń wọlé tó sì ń jáde. Bí a bá so rédíò mọ́ òpó yẹn, kíkà rẹ̀ yóò ṣì, ọkọ̀ náà kò sì ní mọ bí ó ṣe yẹ kí ó fi iná sí bátìrì. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tí wáyà dúdú bátìrì ti dé ara bọ́dì ni kí a so ti rédíò mọ́.

Kí wáyà náà nípọn tó. Rédíò tó ń fi agbára wáàtì 100 ránṣẹ́ lè gba nǹkan bí ampere 20. Wáyà bàbà tó ní ìwọ̀n 6 mm² ní ìdènà tó tó 0.003 ohm lórí mítà kan. Bí bátìrì bá jìnnà sí rédíò ní mítà mẹ́rin, àlọ àti àbọ̀ di mítà mẹ́jọ, iná tí yóò ṣòfò lójú ọ̀nà yóò sì súnmọ́ ìdajì fóltì. Bí a bá lo 2.5 mm² nítorí pé òun ló wà nílẹ̀, ó ju fóltì kan lọ tí yóò ṣòfò, rédíò yóò sì máa rẹ̀wẹ̀sì nígbàkígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì. Kí a lọ́ pupa àti dúdú mọ́ra wọn bí ìrun tí a dì, kí a sì gbé wọn gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tí ìdìpọ̀ wáyà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbà. Wáyà méjì tó lọ́ mọ́ra ń pa ariwo tó bá fẹ́ bà lé wọn rẹ́, nítorí pé ohun tó wọ inú ọ̀kan wọ inú èkejì pẹ̀lú. Ibikíbi tí wáyà bá ti gba inú irin kọjá, kí a fi rọ́bà sí etí ihò náà, kí a sì yẹra fún ojú ọ̀nà airbag tó wà nínú òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì.

Ẹ wá wo ìgbà tí fílítà wúlò: bí a bá ti ṣe gbogbo èyí tí ìdánwò bátìrì mìíràn sì fi hàn pé ojú wáyà ni ariwo ṣì ń gbà, ìgbà náà ni kí a fi í sí ẹ̀gbẹ́ rédíò, kí agbára rẹ̀ sì ju iye ampere tí rédíò ń gbà lọ.

Pípa ariwo lẹ́nu níbi tó ti ń jáde

Bí ó bá jẹ́ púlọ́ọ̀gì ni, ẹ wò ó bóyá irú èyí tó ní ìdènà nínú ni; púpọ̀ nínú wọn ní lẹ́tà R nínú nọ́ńbà wọn, ìdènà náà sì sábà máa ń wà ní àyíká 5,000 ohm. Ìdènà yìí kì í dín agbára ẹ́ńjìnnì kù; ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí iná náà má fò lójijì jù. Bákan náà ni wáyà púlọ́ọ̀gì: èyí tí bàbà lásán wà nínú rẹ̀ jẹ́ áńtẹ́nà ariwo, kí a fi èyí tó ní ìdènà rọ́pò rẹ̀. Ní òru, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ jìnnà díẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá iná búlúù ń ta lára wáyà tàbí lórí kọ́ìlì. Wáyà tó bá ń ta iná bẹ́ẹ̀ ti gbó, kò sì sí ohun mìíràn láti bá a ṣe ju kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi kàpásítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀ tó sì ń gbé ariwo mì, sí ojú wáyà tó ń darí kọ́ìlì tàbí ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo. Ẹ lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́.

Ọ́tánétọ̀ tó ń súfèé lójijì, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, sábà jẹ́ ọ́tánétọ̀ tó ń ṣàìsàn. Dáyóòdù mẹ́fà ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ láti sọ iná AC di DC. Bí ọ̀kan bá kú, ìrugùdù yóò pọ̀ lórí iná tó ń jáde. Ẹ fi mítà sí ipò AC, kí ẹ sì wọn orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí iná iwájú sì ń tàn. Bí ohun tí mítà fi hàn bá ti ń súnmọ́ ìdajì fóltì, ẹ tún ọ́tánétọ̀ ṣe. Kò yẹ kí a fi fílítà bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ní ti mọ́tò kéékèèké bíi ti wáípà àti fáànù, kàpásítọ̀ 0.1 µF tí a so láàárín wáyà méjèèjì, súnmọ́ ara mọ́tò náà pẹ́kípẹ́kí, sábà máa ń tó.

Síso ara ọkọ̀ pọ̀

Apá yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ ó lè yí gbogbo nǹkan padà fún ẹni tó ń lo ìkànnì ìsàlẹ̀ 30 MHz. Lójú wa, irin kan ni ọkọ̀. Lójú ìgbì rédíò, ìdìpọ̀ irin tí kò kan ara wọn dáadáa ni. Bọ́nẹ́ẹ̀tì jókòó lórí híńjì tó kún fún gírísì àti ọ̀dà, páìpù èéfín sì rọ̀ sórí rọ́bà láti ẹ́ńjìnnì títí dé ẹ̀yìn ọkọ̀, nítorí náà ó ń gbé ariwo ẹ́ńjìnnì kiri bí áńtẹ́nà gígùn. Okùn wáyà aláhunpọ̀, pẹlẹbẹ, kúkúrú, ni a fi ń so wọ́n mọ́ bọ́dì. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀, nítorí pé awọ òde wáyà ni ìgbì ń gbà kọjá, kì í gba àárín.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì: ẹ yan bóòtù híńjì kan, ẹ tú u, kí ẹ sì fi sáńpépà ha ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ títí tí irin funfun yóò fi yọ, kí ibi tí ẹ ha má sì ju ìwọ̀n wáṣà lọ. Ẹ fi wáṣà eléyín sí i, èyí tí eyín rẹ̀ yóò gé wọ inú irin, ẹ fi ẹnu okùn náà lé e, ẹ dì í le, kí ẹ sì fi gírísì bò ó kí ìpẹtà má baà wọ ibẹ̀. Ẹ ṣe ìkan náà ní ìpẹ̀kun kejì lára bọ́dì, kí okùn náà gùn tó kìkì kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè ṣí. Ẹ ṣe é fún ẹ̀gbẹ́ híńjì méjèèjì, fún búùtù, fún ẹ́ńjìnnì sí bọ́dì, àti fún páìpù èéfín ní ibi bíi mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí mítà tàn yín: ó lè fi hàn pé irin méjì kan ara wọn, kí ó sì jẹ́ pé ìgbì kò rí ọ̀nà gbà láàárín wọn.

Áńtẹ́nà àti fẹ́ráìtì

Ibi tó dára jù fún áńtẹ́nà ni àárín òrùlé ọkọ̀, níbi tí irin yí i ká tó sì jìnnà sí ẹ́ńjìnnì. Áńtẹ́nà onímágínẹ́ẹ̀tì rọrùn láti gbé lé, ṣùgbọ́n irin ìdí rẹ̀ kò kan ara ọkọ̀, wáyà rẹ̀ sì máa ń di apá kan áńtẹ́nà, tí yóò máa kó ariwo inú ọkọ̀ wọlé. Bí àyè bá wà láti lu ihò kí a sì dè é mọ́ irin, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ẹnu wáyà áńtẹ́nà dáadáa, nítorí pé àwọ̀n tó yí wáyà náà ká ni ó ń dá ariwo dúró, bí ó bá sì já lẹ́nu, àbò ti kúrò nìyẹn.

Fẹ́ráìtì ni òrùka dúdú tí a máa ń rí lára wáyà kọ̀ǹpútà, tó ń dènà ariwo tó bá fẹ́ gba ojú wáyà kọjá. Irú tó ń jẹ́ 31 dára fún ìkànnì ìsàlẹ̀, irú 43 náà sì wúlò láti nǹkan bí 25 MHz lọ sókè. Kí pupa àti dúdú gba inú òrùka kan náà kọjá pa pọ̀, torí pé bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, iná tó ń gbà á kọjá yóò kún òrùka náà tí kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Kíká wáyà náà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta sàn ju kí ó gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan lọ fíìfíì. Lójú ìkànnì ìsàlẹ̀, ìdènà rẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́sàn-án. Wáyà pọ́ńpù epo, wáyà kámẹ́rà àti ìdí wáyà áńtẹ́nà ni mo máa ń kọ́kọ́ fi í sí. Nínú ọkọ̀ tó ń lo bátìrì ńlá láti rìn, wáyà aláwọ̀ ọsàn ń gbé iná tó lè pa ènìyàn. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ara wáyà rédíò yín nìkan ni kí ẹ fi fẹ́ráìtì sí.

Ìdánwò ìkẹyìn

Bọ́tìnnì tó ń jẹ́ noise blanker lára rédíò ń gé ariwo tá-tá-tá kúrò dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè ṣe nǹkan kan fún ariwo tí kò dánu dúró, ó sì lè ba ohùn jẹ́ bí ẹni tó lágbára bá wà nítòsí ìkànnì wa. Ẹ pa á nígbà gbogbo tí ẹ bá ń wá ariwo.

Àwọn tó ń lo FM àti rédíò dígítà ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún jù lọ níbí. Lórí rédíò wọn, ariwo lè má dún rárá, kí ó sì jẹ́ pé ó ń jẹ ọ̀nà jíjìn tí wọ́n lè gbọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ti dígítà á kàn máa gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ ni, wọ́n á sì rò pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló jìnnà. Ẹ wá ibùdó kan tí ohùn rẹ̀ kò lágbára, tó jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ mọ́, ariwo ṣì wà, bí squelch tilẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ máa ṣe ìdánwò yìí lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, nítorí pé bí èyí tó pariwo jù bá ti lọ, òmíràn tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ yóò jáde, ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ yóò sì rò pé àtúnṣe àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ibùdó náà bá ń wọlé bákan náà, yálà ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, ẹ lè dá irinṣẹ́ padà sínú àpótí.